Èdè Wo Ni Ẹ̀bùn Náà Yóò Máa Gbọ́?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbá tí òǹkàwé yín kan mú wá dùn mọ́ mi, pé kí àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá parapọ̀ dá ẹ̀bùn ọdọọdún sílẹ̀ fún àwọn tó tayọ nínú lítíréṣọ̀, iṣẹ́ ọnà àti sáyẹ́ǹsì. Mo kà á tán, mo tún un kà. Ohun kan ló kọ mí lóminú: kò sọ èdè tí wọn yóò fi kọ ìwé tí wọn yóò máa gbé wá. Bí ẹnikẹ́ni ò bá sì ti sọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò dà. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí.

Ẹ wo Nigeria Prize for Literature tí ilé-iṣẹ́ Nigeria LNG ń náwó lé lórí láti 2004. Lónìí, ọ̀kẹ́ márùn-ún dọ́là (100,000) ni ti ẹni tó bá gbégbá orókè. Ẹ̀bùn gidi ni, n kò bú u. Àwọn adájọ́ wọn kì í wojú ẹnikẹ́ni: ní 2004, 2009 àti 2015, wọ́n yẹ ìwé wò títí, wọ́n ní kò sí èyí tó tó o, wọn ò sì fún ẹnì kankan. Ìyẹn wù mí. Ṣùgbọ́n ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń gbà. Bí Fágúnwà, àgbà òǹkọ̀wé Yorùbá, bá jí dìde lónìí tó ru ìwé rẹ̀ lọ síbẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti padà.

Fágúnwà yìí kan náà, ìdíje ìwé kíkọ tí ìjọba òyìnbó gbé kalẹ̀ ló ta á jí tó fi kọ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tó jáde ní 1938. Nígbà tó di 1955, wọ́n tún fún un ní ẹ̀bùn Margaret Wrong fún lítíréṣọ̀ Áfíríkà. Àwọn tó ń ṣèjọba lé wa lórí ń fi ẹ̀bùn wá ìwé Yorùbá. Àwa tí a ti gbòmìnira, ìwé Gẹ̀ẹ́sì là ń fi tiwa wá.

Kì í sì í ṣe pé kò ṣeé ṣe. Shoichi Noma, ará Japan, dá ẹ̀bùn sílẹ̀ ní 1979 fún ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ ní Áfíríkà, èdè Áfíríkà kankan ò sì jẹ́ èèwọ̀ níbẹ̀ títí tó fi kógbá sílé ní 2009. Ní 2014, wọ́n dá ẹ̀bùn ìwé Kiswahili sílẹ̀ ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe páànù ní Kẹ́ńyà wà lára àwọn tó ń náwó sí i. Páànù o! Wọ́n ń gba ìwé àfọwọ́kọ tí ẹnikẹ́ni ò tíì tẹ̀, èyí tó bá sì yege, wọ́n á ṣètò bí yóò ṣe di títẹ̀.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyẹn. Olùkọ́ Yorùbá ni mí ní ilé-ìwé girama kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹnì kan tí a jọ ń kọ́ni kọ ìtàn àròsọ kan. Mo ka àfọwọ́kọ rẹ̀ mọ́jú, mo rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú mi. Ó gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọ̀gá ibẹ̀ bi í: “Ṣé ó wà lára ìwé tí WAEC yàn?” Ó ní kò sí níbẹ̀. Wọ́n dá a padà fún un láì ṣí ojú ewé kejì. Inú àpótí ló wà dòní, ikán sì ti ń jẹ etí rẹ̀.

Nítorí náà, owó nìkan kọ́ ni kí ẹ̀bùn yìí jẹ́. Kí wọ́n tẹ ìwé tó bá yege, kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì rà á sí yàrá ìkàwé àwọn ilé-ìwé rẹ̀. Bí ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá ra ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà (6,000) nìyẹn. Òǹkọ̀wé Yorùbá mélòó ló ń rí irú ọjà bẹ́ẹ̀?

Ti sáyẹ́ǹsì, ẹlòmíì á ní ṣé Yorùbá gbà á. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fèsì. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, tí Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. N kò ní kí onímọ̀ tó ṣàwárí nǹkan tuntun lọ fi Yorùbá kọ ìwádìí rẹ̀ o. Kí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí òmíràn wà fún ẹni tó bá lè ṣàlàyé AA, AS àti SS, ìyẹn genotype ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń yẹ̀ wò kí tọkọtaya má baà bí ọmọ tó ní àrùn sickle cell, lédè Yorùbá, tó fi máa yé ìyá tí ọmọ rẹ̀ mú àfẹ́sọ́nà wálé.

Ẹ má sì jẹ́ kí ó mọ sí ìpínlẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀fà ní Kwara ńkọ́? Kàbà ní Kogi ńkọ́? Àwọn ará Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin ńkọ́? Èdè ni kó pààlà, kì í ṣe ìwé-ẹ̀rí ọmọ onílùú. Ní ti ẹni tí yóò bójú tó o, àwọn ìpínlẹ̀ wa jọ ní ilé-iṣẹ́ okòwò Odu'a, tòun ti Cocoa House rẹ̀ n'Ìbàdàn, wọn ò sì tíì pín in bí ẹran. Kí gómìnà kankan má ṣáà yan adájọ́.

Mo fẹ́ kí ẹni tó mú àbá wá fèsì lórí ọ̀rọ̀ èdè yìí nínú ìwé ìròyìn yín. Ní ti ìwé inú àpótí yẹn, mo ti bẹ ẹlẹgbẹ́ mi pé kó máa sá a sóòrùn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Òṣogbo