Kí katapílà tó wọ àdúgbò, ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àtúnṣe ìlú Ìlọrin tí tolórí tẹlẹ́mù ń sọ ló mú mi kọ̀wé. N kò sí lára àwọn tó ní kí wọ́n fi àgbo ilé àtijọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà. Gọ́tà tó dí ń bẹ, ògiri tó ti yẹ̀ ń bẹ, bí iná bá sì ṣẹ́ yọ, àgbo ilé mìíràn wà tí ọkọ̀ panápaná ò ní ríbi gbà wọ̀. Kí wọ́n ṣe é. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé iṣẹ́ ti yọrí: agbaṣẹ́ṣe á kó katapílà rẹ̀ lọ, wọ́n á gé rìbọ́nì, wọ́n á ya fọ́tò, ó tán. Ta ló ń padà wá lọ́dún kẹta láti wò ó bóyá àwọn ará ibẹ̀ ṣì ń rí jẹ?

Ẹ wo ìta iwájú ilé àwọn ahunṣọ òfì. Lójú ẹni tó mú máàpù dání, ilẹ̀ òfìfo ni. Ṣùgbọ́n òwú gbọ́dọ̀ nà gbọọrọ kúrò níwájú ahunṣọ, kí òkúta sì wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ tó ń fà á le. Bí aṣọ bá ṣe ń gùn sí i ni òkúta yẹn ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀. Ẹ gbé ahunṣọ lọ sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ fún un ní omi ẹ̀rọ, ilé rẹ̀ á dára, iṣẹ́ rẹ̀ á kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìyá amọ̀kòkò àdúgbò Dada l'Ókèlele: gbangba ìta ni wọ́n ti ń sun ìkòkò, kì í ṣe nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gan-an, nínú àfojúsùn 17 tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ní 2015, fi ilẹ̀ gbangba tí tọmọdé tàgbà lè lò kún ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìlú. Àwa ń pè é ní ilẹ̀ tó ń ṣòfò.

Òjò ńkọ́? Bí a bá fi kọnkéré bo gbogbo ìta, omi kò ní rí ilẹ̀ wọ̀ mọ́, Amilẹ́gbẹ́ létí odò Asà ló máa gbà á lálejò.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí n'Ísàlẹ̀ Èkó. Ní 1955, LEDB, àjọ tó ń mójú tó ìdàgbàsókè Èkó nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín ìlú, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sí Sùúrùlérè. Nígbà tí Peter Marris, oníwàádìí láti Ìlú Ọba, wá wọn lọ, ohun tó bá ni pé oníbàárà ti jìnnà sí oníṣòwò, owó ọkọ̀ ń jẹ èrè, ẹbí ti fọ́nká. Ẹni tó bá wo ilé nìkan á ní iṣẹ́ náà dára.

Òfin ò wọ́n wa. Òfin ètò ìlú ti 1992 ní apá kan lórí àtúnṣe àdúgbò tó ti gbó, ọdún yẹn náà la sì ṣe òfin àyẹ̀wò ipa iṣẹ́ lórí àyíká. Kí wọ́n tó wó ohunkóhun, kí wọ́n jókòó pẹ̀lú Mágájí àti alángùá tí wọ́n jẹ́ olórí àdúgbò, àti àwọn obìnrin ọlọ́jà, kí wọ́n kọ iye ìdílé sílẹ̀, iye òfì tó ń ṣiṣẹ́, owó ilé, ibi tí omi òjò ń dé. Kí wọ́n ka ayálégbé náà o. Onílé ni owó gbà-máà-bínú sábà máa ń mọ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, àti lẹ́yìn ọdún márùn-ún, kí ẹlòmíì tọ́wọ́ rẹ̀ kò sí nínú iṣẹ́ náà padà wá ka ohun kan náà. Kí wọ́n fi Yorùbá kọ èsì rẹ̀, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri nílé Mágájí àti ní mọ́ṣáláṣí Jímọ̀, nítorí kò sí ará Ìlọrin East tó máa wọkọ̀ dé Òkè-Òyì, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ wọn, torí àtika bébà. Ayálégbé tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àkọ́kọ́ tí kò sí nínú èkejì, kí wọ́n kọ ibi tó kó lọ síbẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Òkèlele, Ìlọrin.