Ilẹ̀ etí Odò Ọya tó o fẹ́ rà ní Jẹ́bà

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó àti àwọn ọmọ ńkọ́, òtútù Kánádà ò kúkú mú yín pa? Mo ti gbọ́ voice note ẹ, mo sì ti wo fọ́tò ilẹ̀ tó o fi ránṣẹ́ yẹn, ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó dúdú, tí odò wà lẹ́bàá ẹ̀ báyìí, o ní ìrẹsì lo fẹ́ gbìn síbẹ̀. Ẹ̀rín ni mo rín o. Ẹni tó ya fọ́tò yẹn, ó ní láti jẹ́ pé nǹkan bí Épírì ló yà á, kí òjò tó balẹ̀. Kó lọ tún un yà ní Sẹ̀tẹ́ńbà ká wò ó.

Jẹ́ kí n sọ bí odò yìí ṣe ń ṣe fún ẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ọya máa ń kún lọ́dún. Èkíní ni ti òjò àgbègbè wa níbí, Ògọ́ọ̀sì wọ Ọ̀kìtóbà, omi ẹlẹ́rẹ̀ ni, ó máa ń gbá igi àti koríko wá. Èkejì yẹn ló máa ń ya àlejò lẹ́nu, torí àárín ẹ̀ẹ̀rùn ló ń bọ̀, ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo ètè, òjò kankan ò rọ̀, omi á kàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Òjò tó ti rọ̀ lórí òkè Gínì látọjọ́ yìí ni, ó gba Málì, ó tàn ká inú àbàtà ńlá tó wà níbẹ̀, ó fi ẹrẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀, ó tún gba orílẹ̀-èdè Niger kó tó wọ Nàìjíríà, oṣù mélòó kan ló fi ń rìn. Tó bá fi máa dé, ó ti mọ́ lóló, omi tí kò lẹ́rẹ̀ sì máa ń dúdú lójú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní omi dúdú.

Tó bá jẹ́ odò yẹn nìkan ni, àgbẹ̀ á ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n dáàmù ti wọ̀ ọ́. Kainji wà lókè láti 1968, ti Jẹ́bà fúnra ẹ̀ dé ní 1985, iná tó lè mú wá lé ní 570 mẹgawáàtì (má bi mí bóyá iná wà nílé mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí). Kì í ṣe ojú ọ̀run nìkan la ń wò mọ́, à ń wo ọwọ́ àwọn tó ń ṣí dáàmù náà. Tí omi bá ti pọ̀ jù lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí i ni, ẹ̀yin tí oko yín wà nísàlẹ̀ lẹ máa mọ̀ ọ́n lára. Ìrẹsì tó ku díẹ̀ kó gbó á kàn sọnù sábẹ́ omi. Àwọn tó rí omíyalé 2012 ò tíì dẹ́kun sísọ ọ́.

Àmọ́ mi ò ní kó o má wá o. Ìlú yìí wù mí. Tápà, Yorùbá, Haúsá, gbogbo wa la jọ wà níbí, ọmọdé tó ń ta ẹja fún àwọn onímọ́tò ní gáréèjì lè ná ọjà pẹ̀lú ẹ ní èdè mẹ́ta kó o tó mú owó jáde lápò. Ẹja yẹn náà ńkọ́, ẹni tó bá ń ti Ìlọrin lọ sí òkè Ọya mọ̀ pé kò sí bó ṣe máa kọjá láì rà á. Bíríìjì rélùwéè tí wọ́n parí ní 1916 ṣì wà, ó gba orí erékùṣù tó wà láàárín omi. Orí erékùṣù yẹn ni àwọn ère idẹ Tápà kan wà kí wọ́n tó kó wọn kúrò, àwọn àgbà ní Tsoede, ẹni tó dá ìjọba Tápà sílẹ̀, ló kó wọn wá. Òkúta ìrántí Mungo Park, òyìnbó tó wá ṣàwárí ọ̀nà odò yìí, náà wà níbí, Bussa ló kú sí ní 1806, Bussa àtijọ́ yẹn sì ti wà lábẹ́ omi Kainji báyìí.

Iṣẹ́ ìjọba ti wá rí, ó ti lọ. Ilé iṣẹ́ pépà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1969, ilé iṣẹ́ ṣúgà ní Bacita tí kò jìnnà sí wa, ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹun níbẹ̀ nígbà kan. Oko ló kù. Àwọn tó mọ ọ̀nà ẹ̀, wọn kì í bá omi jà, wọ́n á jẹ́ kó lọ, wọ́n á wá gbin àgbàdo, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀gúsí sínú fàdámà, ilẹ̀ tútù etí odò tó fi sílẹ̀, ọkà bàbà àti iṣu ń bẹ lórí ilẹ̀ gíga. Oko méjì lẹnì kan máa ń ní, ti òkè, ti ìsàlẹ̀. Ìyẹn ni mo fẹ́ kó o ṣe.

Nítorí náà, má tíì fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́ sí ọkùnrin yẹn. Bi í pé apá ibo gan-an ni ilẹ̀ náà wà, torí tó bá jẹ́ òdìkejì odò, Niger State ni, kì í ṣe Kwara mọ́, ọ́fíìsì tó o máa lọ yàtọ̀. Bi í pé ìdílé wo ló ni ín, ṣé gbogbo wọn mọ̀ pé ó ń tà á, ṣé baálé mọ̀. Èmi á fẹ́ kó o kọ́kọ́ gbà á lò fún ọdún kan, ilẹ̀ òkè ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, tí o bá ti rí ojú omi lẹ́ẹ̀mejèèjì ọdún, o lè rà á tó bá ṣì wù ẹ́.

Má sì bá wọn wá ní Dìsẹ́ńbà, nígbà tí gbogbo yín máa ń wá sóde ìgbéyàwó. Wá ní Sẹ̀tẹ́ńbà. Mú bàtà rọ́bà gígùn dání, nọ́ńbà mẹ́sàn-án ni tèmi, bá mi mú ọ̀kan wá.

Kí gbogbo ilé fún mi. Màmá mi ní kí n kí ẹ gan-an.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ ẹ ní Jẹ́bà