Ẹ Má Sọ Fún Ọmọ Tó Ń Rìnrìn Àjò Pé Kó Má Bèèrè

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú akitiyan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá àyè fún lẹ́tà yìí lójú ìwé àwọn òǹkàwé. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú mi, àmọ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo rí i pé mi ò lè dákẹ́ mọ́.

Ọmọ àbúrò mi fẹ́ lọ lo ọdún kan nílé ẹ̀kọ́ lókè òkun. Inú ilé ìdílé kan tí kò rí rí ni yóò máa gbé, bí èmi náà ṣe gbé nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 17. Èmi àti ọmọ náà jọ ń ká aṣọ sínú àpótí ni àbúrò mi wọlé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó sì dì í lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Tó o bá débẹ̀, ṣe jẹ́jẹ́ o. Má yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ohun tí wọ́n bá fún ẹ ni kó o gbà. Ohun tí wọn ò bá sọ fún ẹ, má bèèrè." Ọmọ náà ní, "Mo ti gbọ́, Mọ́mì."

Àyà mi já. Ọ̀rọ̀ yìí náà ni ìyá wa sọ fún mi lálẹ́ tó ṣáájú ìrìn àjò tèmi. Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo tẹ̀ lé e délẹ̀délẹ̀, ó sì kù díẹ̀ kó ba gbogbo ọdún náà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Wọ́n ní ojú ńlá ni àlejò ní, kò fi ríran. Bó ṣe rí fún mi gẹ́lẹ́ nìyẹn. Nínú ilé tí mo bá ara mi, bí ẹnì kan bá ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé òun ò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Èmi ò mọ̀. Mo máa ń ti tèmi ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ nítorí mi ò fẹ́ kí iná tí mo fi ń kàwé máa tàn sójú ẹni tó fẹ́ sùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi gbà pé mo kórìíra wọn.

Ohun tí mo lè pe ìyá tó gbà mí sílé gan-an, mi ò rí. Orúkọ rẹ̀ wúwo lẹ́nu mi. Bí mo bá sì pè é ní ìyá, ó ń ṣe mí bí ẹni tó mú ohun tí í ṣe ti ìyá mi fún ẹlòmíràn. Nítorí náà mi ò pè é ní nǹkan kan. Bí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, màá dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, màá máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí yóò fi yíjú. Nígbà míì, kì í yíjú. Màá padà sókè.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló burú jù. Ọjọ́ tí mo débẹ̀, ó ṣí fíríìjì, ó nawọ́ sí i, ó ní, "Ilé rẹ nìyí. Ohun tó bá wù ọ́ ni kí o mú." Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìkíni ni. Mo ń dúró kó tún un sọ, kò tún un sọ. Torí náà màá jókòó sórí àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn, màá máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kó àwo, títí ariwo àwo yóò fi dákẹ́, kí n tó sọ̀ kalẹ̀ lọ wá nǹkan jẹ.

Wọn ò kúkú ṣàìkìlọ̀ fún wa. Níbi ìpàdé tí wọ́n ṣe fún wa ká tó lọ, wọ́n sọ̀rọ̀ Kalervo Oberg, onímọ̀ nípa àṣà àwọn ènìyàn, tó ṣàlàyé lọ́dún 1954 ohun tó máa ń dààmú ẹni tó lọ gbé nílẹ̀ àjèjì. Ó ní àwọn àmì kéékèèké tí a ti mọ̀ láti kékeré ló máa ń pòórá mọ́ wa lójú: ìgbà tó yẹ ká bọ ènìyàn lọ́wọ́, ìgbà tó yẹ ká jẹ́ ìpè àti ìgbà tó yẹ ká kọ̀ ọ́, ìgbà tí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ dénú wọn àti ìgbà tó jẹ́ orí ahọ́n lásán. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, mo fi gègé pupa fàlà sábẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí obìnrin náà nawọ́ sí fíríìjì yẹn, mi ò rántí pé ohun tí mo fàlà sábẹ́ rẹ̀ ló dé yẹn.

Lóṣù kejì, ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan, ọwọ́ tí wọ́n fi ń ṣí ẹ̀rọ ìfọṣọ kán mọ́ mi lọ́wọ́. Ike funfun ni, kò gùn ju ìka mi lọ. Mo dúró, mo ń wò ó ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Mò ń gbọ́ rédíò lókè. Mo sáré lọ mú téèpù búlúù tí mo fi ń di ìwé mi, mo so ike náà padà, mo yí téèpù mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi èékánná tẹ etí rẹ̀ kó má bàa ṣí. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Fún ọjọ́ mẹ́ta mi ò fọṣọ, mi ò sì sùn dáadáa.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọmọkùnrin wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún méje lọ kó aṣọ tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù jáde. Ó fa ọwọ́ ẹ̀rọ náà, téèpù já, etí ike tó kán sì gé e níka. Ẹ̀jẹ̀ kán sórí ilẹ̀ funfun náà, ẹ̀kán mẹ́rin. Mo kà á. Ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ di ìka ọmọ. Lẹ́yìn náà ló mú téèpù búlúù náà nílẹ̀, ó wò ó, ó wò mí. Kò jágbe mọ́ mi. Ó kàn ní, "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

Mo la ẹnu. Mo ti fi ọdún mẹ́ta kọ́ èdè wọn nílé ẹ̀kọ́. Mo lè kọ àròkọ lórí ìwúlò igbó. Mo mọ orúkọ ẹ̀yà ara ní èdè náà láti orí dé ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n "mo ba nǹkan jẹ́, ẹ má bínú", mi ò ní in. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ẹkún ló jáde.

Ó mú ìwé atúmọ̀ èdè wá, a jókòó sídìí tábìlì títí ilẹ̀ fi ṣú. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ike yẹn ti ń sán kí n tó débẹ̀, ọkọ rẹ̀ ti ń ṣèlérí àtúnṣe láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tí wọ́n ti mọ̀ ni mo gbé sórí fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó bi mí léèrè ìdí tí mo fi máa ń ti ilẹ̀kùn. Ó bi mí bóyá oúnjẹ òun ń rí mi lára. Nígbà tó yá, òun náà ń sunkún. Ó ní òun ti pe ìyá òun lórí fóònù, òun ti sọ fún un pé bóyá ìdílé àwọn kò dára tó láti gba ọmọ ẹlòmíràn sílé.

Olóòtú, mi ò tíì ronú kàn án rí títí di alẹ́ yẹn pé ẹni tó ni ilé lè máa bẹ̀rù àlejò. Jẹ́jẹ́ tí mò ń ṣe kí n má bàa yọ wọ́n lẹ́nu, òun ló ń yọ wọ́n lẹ́nu jù.

Láti ọjọ́ náà la ti ń jókòó fún ogún ìṣẹ́jú ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Èmi yóò bèèrè ohun tí kò yé mi, àwọn náà yóò bèèrè tiwọn. A wá orúkọ tí màá máa pè é, ìkékúrú orúkọ rẹ̀ tí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń lò. Wọ́n sọ aago tí wọ́n ń pa ilé mọ́. Mo sọ pé òtútù ń mú mi lóru, wọ́n sì gbé aṣọ ìbora kejì wá lálẹ́ ọjọ́ náà. Oṣù méjì ni mo ti ń gbọ̀n.

Ẹ̀bẹ̀ mi àkọ́kọ́, sí àwọn tó ń ṣètò irú ìrìn àjò yìí ni. Alámòójútó wa bẹ̀ mí wò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó bá mi nínú ẹ̀rín, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ara mi ti mọlé, kò sì padà wá títí oṣù kẹrin. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ta ni kì í rẹ́rìn-ín? Lọ́dún 1955, Sverre Lysgaard, onímọ̀ nípa àwùjọ ọmọ Norway, tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn ará Norway bíi 200 tí wọ́n ti lọ gbé ní Amẹ́ríkà láti kàwé tàbí ṣèwádìí. Àwọn tí kò lò tó oṣù mẹ́fà níbẹ̀ ní ó dára, àwọn tó lo oṣù mẹ́fà sí méjìdínlógún ni ara wọn kò fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀, àwọn tó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ara àwọn ti mọlé. Tèmi tètè dé ju ìyẹn lọ, kálukú ló ní ìgbà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ló ń le jù fún gbogbo ènìyàn. Ẹ padà lọ wo ọmọ náà lóṣù kejì, ẹ tún lọ lóṣù kẹta, kí ẹ sì bá a sọ̀rọ̀ níbi tí ìdílé náà kò sí.

Ìkejì, ẹ̀yin òbí, ẹ bèèrè irú ètò tó jẹ́ kí ọmọ yín tó lọ. Ẹgbẹ́ AFS (American Field Service), tí àwọn tó fi ọkọ̀ gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fi akẹ́kọ̀ọ́ ránṣẹ́ sínú ilé onílé lọ́dún 1947. Nínú ọ̀pọ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀, ìdílé kì í gba owó. Ó wù wọ́n ni wọ́n fi ṣí ilẹ̀kùn. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ èdè, wọ́n máa ń sanwó fún ìdílé, ó sì máa ń wà nínú ìwé àdéhùn iye ìgbà tí ọmọ yóò jẹun lójúmọ́ àti ẹni tí yóò fọ aṣọ rẹ̀. Ẹ ka ìwé náà pẹ̀lú ọmọ, kó mọ ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ àti ohun tó jẹ́ oore.

Ọ̀rọ̀ fóònù náà wà níbẹ̀. Ìyá mi máa ń pè mí lálaalẹ́, ní àkókò tí ìdílé náà ń jẹun gan-an. Màá sáré dìde, oúnjẹ yóò tutù, nígbà tí mo bá padà wọ́n ti kúrò nídìí tábìlì. Mi ò lè sọ fún un pé kó yí i padà, àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Nígbà tí mo wá sọ ọ́, kò bínú rárá. Ọ̀sán Sátidé la fi sí, a sì máa ń sọ̀rọ̀ pẹ́.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fara da gbogbo nǹkan o. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ̀ dáadáa. Bí wọ́n bá gba ìwé ìrìnnà ọmọ tí wọn ò dá a padà, bí wọ́n bá ń ti oúnjẹ mọ́ ọn, bí wọ́n bá sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń tọ́jú ilé láti àárọ̀ dalẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án tàbí tó ń wọ yàrá rẹ̀ lóru, ìyẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń jókòó sọ ní Sọ́ńdè. Ọjọ́ náà gan-an ni kó pe alámòójútó, kó pe ilé ẹ̀kọ́, kó pe yín. Kó kọ nọ́ńbà wọn sórí bébà, torí fóònù lè kú. Kó ní ẹ̀dà ìwé ìrìnnà rẹ̀ níbi tí kò sẹ́ni tó mọ̀. Ọmọbìnrin kan tí a jọ lọ yí ilé padà lóṣù kẹta. Kò tilẹ̀ sí aburú níbẹ̀, wọn ò kàn mọwọ́ ara wọn ni. Ojú tì í bí ẹni tó jalè, torí wọ́n ti sọ fún un nílé pé kó má yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ilé kejì ló ti wá gbádùn.

Èmi àti àbúrò mi ti sọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn tí ọmọ sùn. Kò kọ́kọ́ gbà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí wọ́n wá máa sọ pé mi ò kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́?" Mo sọ ọ̀rọ̀ téèpù búlúù fún un, èyí tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé wa láti ìgbà náà. Ó dákẹ́ títí.

Ọmọ náà ń lọ lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti bá a kọ ìbéèrè mẹ́fà sórí bébà kékeré kan ní èdè ibi tó ń lọ, èyí tí yóò bèèrè lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àkọ́kọ́ nínú wọn ni, "Kí ni kí n máa pè yín?" Àmọ́ kì í ṣe èyí la fi bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn kan la ti ń kọ́ láti ọjọ́ Mọ́ńdè, a ń sọ ọ́ nídìí abọ́, a ń sọ ọ́ nínú ọkọ̀: "Mo ba nǹkan jẹ́, ẹ má bínú." Lánàá, ó ní, "Àǹtí, ẹ gbọ́ ọ wò," ó sì sọ ọ́ láìkọsẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan tó ti gbé ilé onílé rí