Lẹ́tà sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó fẹ́ fi ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ ṣiṣẹ́

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ àná, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì gbọ́ ọ. O ní ìsìnrúùlú rẹ ní Ìsẹ́yìn kù díẹ̀ kó parí, pé iṣẹ́ báǹkì tí bàbá rẹ ń bá ọ wá kò wù ọ́, UNICEF, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ló wà lọ́kàn rẹ, kí o máa ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, kí o máa tọ́jú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. O tún ní kí n má tíì sọ fún màmá rẹ. N kò tíì sọ. Ṣùgbọ́n inú mi dùn débi pé oorun dá lójú mi, mo wá dìde kọ lẹ́tà yìí.

Jẹ́ kí n sọ ti ọmọ kan fún ọ ná.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Maiduguri, iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ kò ju kí n máa wọn apá ọmọ lọ, ká lè mọ èyí tí àìjẹunkánú ń bá jà. Ìwọ tí o kàwé nípa oúnjẹ aṣaralóore, o mọ téèpù náà: pupa, yẹ́lò, àwọ̀ ewé. A ó wá àárín gbùngbùn èjìká àti ìgbọ̀nwọ́ lápá òsì, a ó jẹ́ kí apá náà rọ̀ wálẹ̀, a ó sì fi téèpù yí i ká láìfún un, láìjẹ́ kó dẹ̀. Ọmọ tó bá wà láàárín oṣù 6 sí oṣù 59, tí apá rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, pupa ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di kíákíá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá kan gbé ọmọbìnrin rẹ̀ jókòó síwájú mi. 10.8. Mo tú téèpù, mo tún un wọ̀n. 10.8 náà ni. Ìyá yẹn kò wo téèpù rárá, ojú mi ló ń wò. Mo fi àtàǹpàkò tẹ orí ẹsẹ̀ ọmọ náà méjèèjì, mo kà á lọ́kàn, mo gbé ọwọ́ kúrò: kò jin, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wú. Ó wá ku oúnjẹ. A ní kí ìyá fọ ọwọ́, a já ọ̀rá Plumpy'Nut kan, ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n pò mọ́ mílíìkì, ṣúgà, òróró àti fítámì, a gbé e lé e lọ́wọ́. Ọmọ tó bá jẹ ẹ́, tí kò sì ní àìsàn mìíràn, ilé ni yóò ti máa gba ìtọ́jú, wọn yóò sì máa gbé e wá fún àyẹ̀wò. Èyí tó bá kọ̀ ọ́, a ó dá a dúró sí ọsibítù. Ọmọ náà yí ojú kúrò. Ìyá rẹ̀ fi díẹ̀ kàn án létè. Ó tún yí ojú kúrò. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú àgọ́ yẹn. Nígbà tó ṣe, ahọ́n kékeré kan yọ jáde, ó lá a. Ó yanu. Ìyá yẹn bú sẹ́kún, èmi náà sì kọ ẹ̀yìn sí wọn kí n lè nu ojú mi.

Ìdí iṣẹ́ náà nìyẹn, ọmọ mi: ìwọ àti ọmọ ẹlòmíràn, lórí bẹ́ǹṣì. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn. Ní 1919, lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ọlọ́pàá mú Eglantyne Jebb ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù nítorí pé ó ń pín ìwé tó ní àwòrán ọmọ Austria tí ebi ti sọ di egungun. Ọmọ ọ̀tá ni wọ́n ka àwọn ọmọ yẹn sí nílùú rẹ̀. Ọdún yẹn náà ni òun àti àbúrò rẹ̀ dá Save the Children sílẹ̀. Oṣù December 1946 ni UNICEF tẹ̀lé e, nítorí àwọn ọmọ tí ogun kejì sọ di aláìní. Fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ní 1953 ni wọ́n tó sọ ọ́ di àjọ tí kò ní gbèdéke.

Má sì rò pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìkan ni. Ní 2018, UNICEF, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Báǹkì Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde lórí ohun tí ọmọ kékeré nílò kí ó tó lè dàgbà dáadáa. Yàtọ̀ sí ìlera àti oúnjẹ, wọ́n fi ààbò sí i, wọ́n fi ẹ̀kọ́ láti kékeré sí i, wọ́n sì fi àgbàlagbà tó ń dá ọmọ lóhùn sí i. Ìyá àgbà ló wá sí mi lọ́kàn bí mo ṣe ń kà á: bó ṣe máa ń wẹ ìkókó, tó ń na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀, tó ń kì í, tí ọmọ náà ń tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀, tó ń dáhùn ní èdè tirẹ̀. Ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn òbí nìyẹn nínú àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé.

Wàyí o, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Má dúró de New York, níbi tí olú ilé iṣẹ́ UNICEF wà. Lọ sí sáńtà ìlera tó sún mọ́ ọ ní Ìsẹ́yìn níbẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kí màtírọ̀nì, sọ fún un pé o fẹ́ máa bá wọn gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, kí o máa kọ rẹ́gísítà. Olikoye Ransome-Kuti, oníṣègùn ọmọdé ni kó tó di mínísítà ìlera ní 1985, irú sáńtà bẹ́ẹ̀ ló sì fi agbára rẹ̀ jà fún. Ipò tó kéré jù fún ọmọ onílùú tó ti jáde fásitì ní UNICEF, NOA ni wọ́n ń pè é. Ọdún kan ìrírí iṣẹ́ ni wọ́n ń béèrè. Láti sáńtà ni ọ̀pọ̀ wa ti rí i. Ètò kan wà tí wọ́n fi ń gba ọ̀dọ́ sí iṣẹ́ àjọ àgbáyé, tí wọ́n ń pè ní JPO, tí wàá máa rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìjọba àwọn orílẹ̀-èdè olówó ló ń sanwó rẹ̀, àwọn ọmọ ìlú tiwọn ni wọ́n sì máa ń fi síbẹ̀ jù. Má fi oru rẹ ṣòfò lórí ìyẹn. UN Volunteers ni kí o wò, wọ́n ń gba àwọn ọ̀dọ́. Kí o sì kọ́ Faransé, mo bẹ̀ ọ́. Láti Ìmẹ̀kọ sí Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin kò jìnnà. Yorùbá kan náà la jọ ń sọ, ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n fi ń kọ ìwé ọsibítù níbẹ̀.

Ohun kan ṣì ń dùn mí títí dòní. Ọdún tí mo jáde, ọkùnrin kan sọ fún mi pé òun mọ ẹni tó lè fi mí sí àjọ àgbáyé, pé owó fọ́ọ̀mù ló kù. Mo ta ṣéènì wúrà tí ìyá àgbà fún mi. N kò rí iṣẹ́, n kò rí ọkùnrin náà mọ́, ìyá àgbà sì kú láìmọ̀. UNICEF kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́, láti ìgbà tó bá kọ̀wé títí dé ìgbà tó bá wọṣẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè owó lọ́wọ́ rẹ, olè ni, ì báà wọ súùtù.

N kò ní pa irọ́ fún ọ pé iṣẹ́ náà fara balẹ̀. Àdéhùn iṣẹ́ a máa parí kí ọdún tó yí po, wàá sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé kiri. Àwọn ọmọ kan wà tí kò yanu. Mo ṣì rántí ojú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo rántí ọmọ 10.8 yẹn lọ́jọ́ tí apá rẹ̀ kọjá 12.5, tó bọ́ sí àwọ̀ ewé, tó ń fi téèpù mi ṣeré, tí kò fẹ́ dá a padà.

Tí o bá ti ti sáńtà dé, fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, kí o sọ iye ọmọ tí o wọ̀n. Ní ti màmá rẹ, fi í sílẹ̀ fún mi. N óò pè é lọ́jọ́ Àìkú, tó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

Èmi ni,
Àǹtí rẹ