Àbẹ̀kẹ́, kí o tó mú àwọ̀ ìgbéyàwó rẹ

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Àwòrán mẹ́tàdínlógún tí o fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo wò wọ́n títí ojú fi ń ro mí. Gbogbo wọn ló rẹwà, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó ẹlòmíràn ni, nínú gbọ̀ngàn tí kì í ṣe tìrẹ, lábẹ́ iná tí o kò mọ irú rẹ̀. O ní kí n bá ọ mú àwọ̀ kan nínú wọn. N kò ní mú un. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí o mọ bí wọ́n ṣe ń mú un, kí ohun tó dùn mí má baà dùn ọ́.

N kò sọ èyí fún ọ rí. Nígbà tí èmi àti bàbá rẹ fẹ́ ṣe tiwa, búlúù tó dúdú díẹ̀ ni mo yàn. Mo ra aṣọ àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó lọ́wọ́ ẹnì kan, mo ra aṣọ orí tábìlì lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo gbé wọn lé ara wọn lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù, wọ́n jọra bí ìbejì. Ọjọ́ dé, a jáde sínú oòrùn láti ya fọ́tò, mo bojú wẹ̀yìn: aṣọ kan ṣì jẹ́ búlúù, èkejì ti di elésè àlùkò. Mo rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò náà, àmọ́ ọkàn mi ti bàjẹ́.

Kò sẹ́ni tó rẹ́ mi jẹ. Aró tí wọ́n fi pa méjèèjì ló yàtọ̀. Aró méjì lè jọra lábẹ́ iná kan, bí ìmọ́lẹ̀ bá sì ti yí padà, ọ̀tọ̀ ni ohun tí kálukú wọn á dá padà sójú ẹni. Kódà aṣọ kan náà, tí wọ́n bá pa á láró ní ìgbà méjì, ó ṣòro kó bá ara rẹ̀ dọ́gba délẹ̀. Nítorí náà, gbogbo èyí tó o bá fẹ́ lò nínú aṣọ kan, rà á lẹ́ẹ̀kan náà, kó o sì ra àlékún díẹ̀.

Má sì fọkàn tán fóònù. Ìmọ́lẹ̀ ni fóònù ń tàn sí ọ lójú. Aṣọ kò ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, èyí tó bá bà lé e ló ń dá padà. Gba àgékù aṣọ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ ti tó. Gbé e lọ sí gbọ̀ngàn náà ní wákàtí tí ayẹyẹ máa wáyé gan-an. Ìrọ̀lẹ́ lẹ fi tiyín sí, bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, pupa ló máa ń kọ́kọ́ dúdú lójú ènìyàn, búlúù á ṣì máa hàn fún ìgbà díẹ̀ sí i. Pupa tó ń jó bí iná lọ́sàn-án lè kú pátá ní ìrọ̀lẹ́.

Tó o bá débẹ̀, ohun tí o kò lè yí padà ni kó o kọ́kọ́ wò: ilẹ̀, ògiri, àga, aṣọ fèrèsé. O ní kápẹ́ẹ̀tì wọn pupa bíi wáìnì. Àwọ̀ kan ti wà nílẹ̀ nìyẹn kí o tó yan ìkankan. Ní Paris, ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ Gobelins, wọ́n fi onímọ̀ kẹ́mísìrì kan, Michel-Eugène Chevreul, ṣe olórí àwọn aláró ní 1824. Wọ́n ń ráhùn pé òwú dúdú wọn kò dúdú tó. Ó yẹ aró náà wò, kò rí àlébù níbẹ̀. Àwọ̀ tí wọ́n hun sí ẹ̀gbẹ́ dúdú náà ló ń bà á jẹ́ lójú ẹni. Ó kọ odindi ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1839. Àwọ̀ kì í dá gbé, Àbẹ̀kẹ́. Àwọ̀ ewé tó rọra ń tàn tí o fẹ́ràn yẹn, bó bá dé orí kápẹ́ẹ̀tì pupa, ó máa pariwo. Àwọ̀ kírímù tàbí wúrà tí kò dán jù á bá a gbé ní ìrọ̀rùn.

Má kó àwọ̀ jọ jù. Àwọn tó ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ máa ń pín in sí 60, 30 àti 10 nínú 100: àwọ̀ kan jọba, èkejì tì í lẹ́yìn, ẹ̀kẹta kàn yọjú. Ìwọ fẹ́ márùn-ún. Mo bẹ̀ ọ́, mú méjì kúrò.

Ìyá ọkọ rẹ ní kí aṣọ rẹ jẹ́ funfun. Gbà fún wọn, funfun á yẹ ọ́. Ṣùgbọ́n mọ̀ pé funfun kì í ṣe ọ̀kan: èyí tó mọ́ gbòò àti èyí tó fẹ́ pọ́n. Bí tìrẹ bá fẹ́ pọ́n, tí aṣọ tábìlì sì mọ́ gbòò, tìrẹ á dà bí èyí tó dọ̀tí. Gbé méjèèjì sábẹ́ àgbọ̀n rẹ níwájú fèrèsé, kí ọkọ rẹ máa wo ojú rẹ, kó má wo aṣọ. Èyí tó bá mú ojú rẹ tàn ni kó o mú. Bí ó bá sọ pé pupa àti àwọ̀ ewé kan rí bákan náà lójú òun, má bínú sí i. Ojú ọkùnrin tó ń rí i bẹ́ẹ̀ pọ̀.

Mo fi nǹkan kan sínú àpòòwé yìí. Àgékù méjì ni, láti ara aṣọ búlúù méjèèjì ìgbéyàwó mi, mo fi píìnì so wọ́n pọ̀. Wò wọ́n lábẹ́ iná yàrá rẹ lálẹ́ òní. Tí ilẹ̀ bá mọ́, gbé wọn jáde sí ìta, kó o wá pè mí.

Ìyá rẹ