Sìkírá, jókòó kó o tó ka èyí

Sìkírá mi,

Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ Alhaji ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń fi tẹ ilẹ̀ dáadáa? Mo gbọ́ gbogbo voice note ẹ tó o ti ń bú mi pé mo ti di òyìnbó, pé mo ti gbàgbé ẹ. Gbàgbé kẹ̀. Ọ̀rọ̀ ló pọ̀ tí kò ṣeé kó sórí WhatsApp, torí ẹ ni mo ṣe jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lóru yìí, Bàbá Tóbi ń hanrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Tóbi ti ní ejò.

Jọ̀ọ́ má pariwo, mo ti pariwo tèmi tán, mo sì ti bá ẹ pa tìẹ náà mọ́ ọn. Kì í ṣe olóró. Òjòlá ni, irú kékeré yẹn tí wọ́n ń pè ní royal python níbí, àwọn ará Amẹ́ríkà ní tiwọn ń pè é ní ball python torí tẹ́rù bá ti bà á, ṣe ló máa ká ara ẹ̀ jọ roboto, á ki orí bọ àárín. Rò ó wò o, èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ara mi ń gbọ̀n, ejò wà nínú àpótí, òun náà ń fi orí pamọ́ fún mi. Ó dúdú, ó ní àwọ̀ pupa rúsúrúsú káàkiri ara, Tóbi bá sọ ọ́ ní Àmàlà. Mo ní kó yí orúkọ yẹn padà. Ó ní "Mọ́mì, ó ti mọ́ ọn lára." Ejò tí ò létí!

Ejò yẹn fúnra ẹ̀ ò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ilé tó máa gbé ló dá ogun sílẹ̀ nínú ilé wa.

Bàbá òyìnbó tó tà á fún wa ń sin òjòlá bí ẹní ń sin adìyẹ. Inú ike pẹlẹbẹ ló ń kó wọn sí, ìkan lórí ìkan, láti ilẹ̀ dé òkè, tó bá fẹ́ wo ìkan á kàn fà á yọ. Abọ́ omi kan, ibi ìfarapamọ́ kan, bébà nísàlẹ̀, ó parí. Ó ní nínú igbó, ihò eku àti inú òkìtì ikán ni wọ́n ń sá sí, pé tó o bá gbé e síbi tó fẹ̀ jù, ọkàn ẹ̀ ò ní balẹ̀, kò ní jẹun. Bàbá Tóbi gbọ́ èyí, inú ẹ̀ dùn dé ibi tí ò yẹ kó dùn dé, torí ike ò wọ́n. Àtìgbà yẹn, ohun tí bàbá yẹn sọ ti di àṣẹ nílé yìí. O ṣáà mọ ọkọ mi àti owó.

Tóbi ní láéláé. Ó ní ó kéré tán, ejò gbọ́dọ̀ lè na ara ẹ̀ gbọọrọ nínú ilé ẹ̀, pé àpótí tó gùn ní 120 sẹ̀ǹtímítà, tó fẹ̀ ní 60, tó sì ga ní 60 lòun fẹ́, kí ẹ̀ka igi sì wà nínú ẹ̀ tó lè gùn. Bàbá ẹ̀ ní igi kẹ̀, ṣé ọ̀bọ ni? Ọmọ yìí bá ní àwọn tó ṣèwádìí lórí òjòlá yìí ní gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà rí i pé àwọn akọ ń gun igi lọ jẹ ẹyẹ, àwọn abo ló gbájú mọ́ eku nílẹ̀. Nàìjíríà o, Sìkírá! Ọmọ tí ò lè ka ìpínlẹ̀ mẹ́fà ló ń sọ fún wa ohun tí ejò ń jẹ lọ́hùn-ún. Ó wá ní, "Dádì, ṣebí inú yàrá lẹ̀yin náà ń sùn, ṣé ká wá gba pálọ̀ lọ́wọ́ yín?" Mo sá wọ kíṣìnì lọ rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí Màmá Dérìn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tún dá sí i ńkọ́. Wọ́n ní ẹ ra ìkejì fún un, ẹ má dá a dá ìyà, àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ń wàásù, bí Bàbá Tóbi ṣe ń mi orí ni mo ti mọ̀ pé ó ń ro ike kan fún ejò méjì. Tóbi ní rárá mà, òjòlá ò wá ẹnìkejì. Tẹ́ ẹ bá kó méjì síbì kan, ẹ máa rí i tí ìkan sùn lé ìkan lórí, ẹ máa rò pé ìfẹ́ ni, ibi tó gbóná ni wọ́n ń jà sí, èyí tí ò lágbára á sì lè má jẹun mọ́. Ó ní òwe yẹn dáa mà, àwọn ejò ni ò gbọ́ ọ. Màmá Dérìn ò tíì kí i dáadáa di òní.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ti iná. Apá kan àpótí gbọ́dọ̀ gbóná dé bíi dígírì 32, apá kejì kó wà ní bíi 25, kó lè máa lọ síbi tó bá wù ú, thermostat sì gbọ́dọ̀ wà lára ẹ̀ kó má bàa sun ún. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ náà gbọ́dọ̀ rin, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ tó bá ń bọ́ awọ, á máa já jálajàla, òmíràn á lẹ̀ mọ́ ojú. Àwọn kan ní kó o tẹ́ nǹkan tó ń gbóná sábẹ́ ẹ̀, àwọn mìíràn ní láti òkè ni kí ooru ti wá. Ti iná tó dà bí oòrùn tún wà, àwọn àgbà ní ẹran òru ni, kí ló fẹ́ fi oòrùn ṣe, àwọn ọ̀dọ́ ní ó dáa fún un. Èmi ò dá sí ìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lásìkò wíńtà, nínú Leeds yìí, a ń pa hítà torí bíìlì, mo ń wọ súwẹ́tà lé súwẹ́tà sùn, ẹnì kan ṣoṣo tára ẹ̀ móoru nílé yìí ni Àmàlà.

Eku tó ń jẹ ńkọ́? Òkú eku ni, tó dì bíi yìnyín, nínú báàgì. Tóbi kọ́kọ́ fẹ́ kó o sí fíríìsà mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ̀nmọ́. Mo ní nínú ilé ta? A ra fíríìsà kékeré míì sí gáréèjì. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi ní ààyè eku ló yẹ ká máa fún un, kó lè máa ṣọdẹ, Tóbi ní ààyè eku lè bu ejò jẹ yánnayànna. Nígbà tó wá dẹ́kun oúnjẹ pátá lásìkò òtútù, ta lò rò pé kò lè sùn? Èmi! Wọ́n ní ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé ó lè gba oṣù mélòó kan láìjẹun kó má sì ṣe é ní nǹkan kan, bí ò bá ṣáà ti rù. Ló bá ń fi ìwọ̀n tí mo fi ń wọn fláwà wọn ejò. Mo ti ra òmíràn.

Kí n tó gbàgbé, Bọ̀sẹ̀ ti bímọ, obìnrin ni. Mo ti kúrò níṣẹ́ alẹ́. Mọ́tò wa ti kú pátápátá. Ọ̀gbẹ́ni Independence Hall yẹn ti di pásítọ̀ ní Houston, má bi mí léèrè.

O rántí Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin? Ilé òjòlá yẹn, tí wọ́n gbé e kọ́ ẹ lọ́rùn, tó o dì bí igi? Irú ẹ̀ náà nìyí o, irú kan náà gan-an. Mo sọ fún Tóbi pé níbẹ̀, tílẹ̀ bá ṣú wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n jáde rìn, pé tí ìkan bá wọ ilé onílé, onílé á rọra gbé e padà wá. Ojú ọmọ yìí ń tàn. Ó ní láti Benin, Togo àti Ghana ni wọ́n ti ń kó èyí tó pọ̀ jù lọ sí òkè òkun, wọ́n á lọ wú àwọn abo tó lóyún nínú ihò, wọ́n á pa ẹyin wọn, wọ́n á kó àwọn ọmọ sínú ọkọ̀ òfuurufú. Tiwa ní tiẹ̀, ilẹ̀ yìí ni wọ́n bí i sí. Ó lè lo 30 ọdún. Ìkan wà ní ilé ẹranko St. Louis ní Amẹ́ríkà tó yé ẹyin lọ́dún 2020, wọ́n ní ó ti tó nǹkan bí ọdún 62, kò sì rí akọ fún ohun tó lé ní ọdún 15. Ta ni mo fẹ́ fi Àmàlà lé lọ́wọ́?

Sìkírá, mò ń ṣàwàdà, àmọ́ o mọ bí Tóbi ṣe rí nígbà tá a kọ́kọ́ dé ibí. Ìwọ ni mò ń pè lóru. Ọmọ tó jẹ́ pé "fine" nìkan lẹ máa gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Òun ló wá ń bá bàbá ẹ̀ jiyàn nídìí oúnjẹ títí ọbẹ̀ á fi tutù, ó tún ń fi Yorùbá jiyàn. Níkẹyìn bàbá ẹ̀ lọ ra pákó, àwọn méjèèjì kan àpótí yẹn fúnra wọn ní gáréèjì, ó ń ráhùn lórí owó ìṣó, ó ń wọn ọ́n, ó ń tún un wọ̀n. Mi ò tíì rí wọn bẹ́ẹ̀ rí.

Fíìsà Màámi ti jáde. Oṣù Keje ni wọ́n ń bọ̀. Yàrá Tóbi sì ni wọ́n máa sùn, ibòmíràn ò sí.

O mọ ọ̀rọ̀ Bọ̀ọ̀dá Láyí, mi ò nílò láti tún un kà. Màámi ò lè wo ejò lórí tẹlifíṣọ̀n. Bàbá Tóbi ní ká gbé e fún ẹlòmíràn títí wọ́n á fi padà, Tóbi wà lórí àtẹ̀gùn, ó gbọ́. Kò jà. Kò sọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ Sunday, ó tún ti padà sí "fine".

Jọ̀ọ́, bá mi lọ sí Mọ́kọ́lá. Mú àkàrà dání, jẹ́ kí wọ́n jẹun tán. Fi fọ́tò Ouidah yẹn hàn wọ́n, kí wọ́n rí i lọ́rùn ẹ pé o ṣì wà láàyè. Sọ pé a máa gbé àpótí yẹn lọ pálọ̀, pé kọ́kọ́rọ́ wà lára ẹ̀, ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ máa wà. Tó bá jẹ́ òru, okùn ilẹ̀ ni kó o pè é. Má dárúkọ ẹ̀ fún wọn rárá, o mọ̀ pé nǹkan kan ṣoṣo tí wọ́n ń jẹ ní ọ̀sán nìyẹn. Tí wọ́n bá sunkún, pè mí níwájú wọn. Tí wọ́n bá ní àwọn ò wá mọ́, pè mí lẹ́yìn wọn.

Àmọ́ lọ kó tó di Jímọ̀ o, torí mo ti sọ fún Wálé, ẹnu ẹ̀ ò sì lè gbé e.

Èmi ni,
Àdùkẹ́ ẹ