Ẹ yéé pè é ní “ìyá Zubeida” lásán

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Inú ló ń bí mi tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà yìí. Lójú ewé fíìmù yín tọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ gbé fọ́tò Fatma Begum síbẹ̀, ẹ wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé “ìyá Zubeida, òṣèré Alam Ara.” Ó tán! Mo mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ni kí wọ́n fi ọmọ pe obìnrin lọ́dọ̀ wa, èmi náà Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò, kò sì dùn mí, àmọ́ tó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi lẹ fẹ́ ròyìn, ẹ dákun ẹ ròyìn iṣẹ́ yẹn.

Obìnrin yìí lobìnrin àkọ́kọ́ tó darí fíìmù ní Íńdíà. Àwa tá a ti ń wo fíìmù Íńdíà láti kékeré, mélòó nínú wa ló mọ̀? Nígbà tí Phalke, ẹni tí wọ́n ń pè ní bàbá fíìmù Íńdíà, ń ṣe fíìmù Raja Harishchandra lọ́dún 1913, kò róbìnrin tó máa gbà láti ṣe ayaba, ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ nílé oúnjẹ ló wọ aṣọ obìnrin ṣe é. Lọ́dún 1922 ni Fatma kúrò lórí ìtàgé bọ́ sínú fíìmù, Veer Abhimanyu, nígbà tó fi máa di 1926 ó ti dá kọ́ńpìnì sílẹ̀, Fatma Films, ó sì ti darí Bulbul-e-Paristan, ìtàn ìwin tó kún fún ọgbọ́n kámẹ́rà.

Ẹ wá lọ wá fíìmù yẹn wò. Kò sí! Kò ku ẹ̀dà kan ṣoṣo. Alam Ara tẹ́ ẹ fi júwe ẹ̀ gan-an, fíìmù Íńdíà àkọ́kọ́ tó sọ̀rọ̀, 1931, òun náà ti dàwátì. Wọ́n ń ta fíìmù àtijọ́ nítorí fàdákà tó wà lára ẹ̀, àwọn aláṣẹ Íńdíà ń wò ràn-ìn, àfi lọ́dún 1964 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ilé ìpamọ́ fíìmù sílẹ̀ nílùú Pune. Fatma ṣì wà láyé nígbà yẹn o, 1983 ló kú! Ta ló lọ bá a pé màmá, kí ló kù lọ́wọ́ yín? Fíìmù obìnrin àkọ́kọ́, wọ́n jẹ́ kó sọnù!

Ohun tí mo rò ni pé kí wọ́n wá a lẹ́yìn odi. Lọ́dún 2016, ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti rí díẹ̀ gbà padà lára Bilwamangal, fíìmù Íńdíà ti 1919, ta ló wá sọ pé ti Fatma ò sí níbì kan? Kí wọ́n rán èèyàn lọ sáwọn ilé ìpamọ́ ilẹ̀ òkèèrè, kí wọ́n lọ bá ọmọ-ọmọ àwọn tó ni sinimá àtijọ́ ní Mumbai, kí wọ́n sanwó tó ju tàwọn tó ń ra páànù lọ, kí wọ́n má sì bi ẹnikẹ́ni pé níbo lo ti rí i, torí ìbéèrè yẹn ló ń jẹ́ káwọn èèyàn gbé nǹkan pa mọ́. Èyí tí wọ́n bá rí, ibi tútù ni kí wọ́n gbé e sí, iná tètè ń ran irú fíìmù yẹn.

Àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n fi orúkọ Phalke pè ti wà láti 1969, kí wọ́n fi orúkọ Fatma náà pe ọ̀kan.

Ẹ̀yin náà, ẹ tún àkọlé fọ́tò yẹn kọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀: “Fatma Begum, olùdarí fíìmù.” Táyè bá kù, kẹ́ ẹ wá fi Zubeida kún un.

Èmi òǹkàwé yín,
Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn.